Ìjọba Tó Lè Bẹ̀bẹ̀ Ṣùgbọ́n Tí Kò Lè Pàṣẹ: Amẹ́ríkà, 1781 sí 1789

Ìpìlẹ̀
Àárín ogun òmìnira ni ìpínlẹ̀ 13 ti ṣe ìwé àdéhùn àjọṣe wọn ní 1777. Maryland ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn, ní oṣù kẹta 1781. Ẹ fi í sọ́kàn pé ojú wọn ti rí màbo lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Agbára tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn, kò ní, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi dù ú ni.

Ètò ìjọba náà
Ilé aṣòfin kan, ìbò kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ààrẹ aláṣẹ, kò sí ilé ẹjọ́ àpapọ̀. Kí wọ́n tó lè tún ìwé náà ṣe, gbogbo ìpínlẹ̀ 13 gbọ́dọ̀ gbà.

Owó
Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò láṣẹ láti bu owó orí lé ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ ni, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń san. Gbèsè ogun wà nílẹ̀, àwọn sójà kò rówó gbà. Ní oṣù kẹfà 1783, sójà tínú ń bí yí ilé ìpàdé ká ní Philadelphia. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sá lọ sí Princeton. Ṣáájú ìyẹn, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti dábàá pé kí ìjọba àpapọ̀ máa gba ìdá 5 nínú 100 lórí ẹrù òkè òkun. Rhode Island kọ̀ ní 1782. Wọ́n gbé irú rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì, New York dènà rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí àìlera tó ju èyí lọ: ìpínlẹ̀ tó kéré jù lè sọ ìpinnu gbogbo àwọn yòókù di asán.

Ilẹ̀ òkèèrè
Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò ní odi Detroit àti Niagara, láìka àdéhùn 1783 tó parí ogun òmìnira sí; Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò sì lè lé wọn.

Ọ̀tẹ̀ Shays
Ní 1786, gbèsè àti owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Massachusetts lọ́rùn. Daniel Shays àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ilé ẹjọ́ pa kí àwọn adájọ́ má baà gba ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Ẹ má pè wọ́n ní ọ̀daràn lásán o; púpọ̀ nínú wọn ló ja ogun òmìnira. Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò rówó kó ọmọ ogun jọ, àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó fún ikọ̀ tó ṣẹ́gun wọn ní 1787.

Ìbéèrè
1. Èé ṣe tí Rhode Island kò fi rán ẹnikẹ́ni lọ sí ìpàdé Philadelphia ní 1787, níbi tí wọ́n ti kọ òfin ìjọba tuntun tó rọ́pò ìwé àdéhùn náà?
2. Òfin tuntun yìí sọ pé ìpínlẹ̀ 9 ti tó láti fìdí òun múlẹ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àdéhùn àtijọ́ béèrè 13?