Opó Kì Í Ṣe Ẹlẹ́bi

Ẹ̀kọ́ kíkà: Lúùkù 7:11-15, Jákọ́bù 1:27

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí opó ṣíṣe láàrin àwa Yorùbá.

Láyé àtijọ́, bí ọkọ bá kú, ìyàwó a wọ aṣọ ọ̀fọ̀, a sì jókòó sílé títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Níbòmíràn, oṣù mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, ẹbí lè ní kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Opó ń ráyè sunkún, èèyàn kì í sì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Èyí tó burú ni kí á fẹ̀sùn kàn án pé òun ló pa ọkọ, kí á fá a lórí tipátipá, tàbí kí á gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kí òkú tó wọlẹ̀.

Ní Náínì, Jésù kò bi opó náà léèrè ohun tó pa ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe É, Ó sì fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Òfin ìlú náà ti sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2014, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa dá opó kan láre, ẹni tí ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde nílé ní Awka nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sára: nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún bàbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Púpọ̀ nínú wa ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ló bá ọkọ kọ́lé láti inú èrè ọjà, síbẹ̀ orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ká ṣe:

1. Kí tọkọtaya fi orúkọ àwọn méjèèjì sórí ìwé ilẹ̀, kí ọkọ sì ṣe ìwé ìhágún nígbà tí ara le. Ìwé ìhágún kì í pa ènìyàn.

2. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ arábìnrin wa, kí méjì nínú wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹbí bá ń ṣèpàdé.

3. Ká má ṣe gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Nígbà tí wọ́n bá kó àga àti kánópì lọ tán ni ìdánìkanwà ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Opó mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ wa? Ìgbà wo la bẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn?

Kí Olúwa, Ọkọ opó, ràn wá lọ́wọ́. Àmín.