Bátìrì Tòkunbọ̀: Ta Ló Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀?

Ẹ dé ọjà Ìkàrẹ́, ẹ ra fóònù tòkunbọ̀. Ara rẹ̀ ń dán, kámẹ́rà rẹ̀ mọ́, ẹni tó tà á ní "ó clean gan-an." Ẹ gbé e dé Etioro-Àkókó. Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kó tó di aago mẹ́wàá, fóònù ti kú. Bátìrì ló ti darúgbó, àmọ́ kò ní ewú lórí tí ẹ ó fi mọ̀.

Bátìrì lithium-ion máa ń gbó bí a ṣe ń lò ó. Bí ẹ bá lo ìdajì lónìí, tí ẹ ṣáàjì, tí ẹ tún lo ìdajì lọ́la, ó ti yí ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Bó ṣe ń yí, díẹ̀díẹ̀ ni lithium ń há sínú èèpo tín-ín-rín kan tó ń hù lára graphite inú rẹ̀. Èyí tó bá há kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ooru máa ń mú kó yára.

Ẹ wo kéègì lítà 10 tí ẹrẹ̀ ti dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń kún dé ẹnu, àmọ́ lítà 7 ló ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì 5000 mAh tó ku 3500: fóònù á ṣì kọ 100%.

Fóònù mọ òótọ́ yìí. Ṣé ó ń sọ ọ́ fún wa? Ní December 2017, Apple gbà pé àwọn ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù. March 2018 ni wọ́n tó fún àwọn tó ni ín láyè láti wo ìlera bátìrì, nínú iOS 11.3. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti June 20, 2025, bátìrì fóònù tuntun gbọ́dọ̀ ṣì gba 80%, ó kéré tán, lẹ́yìn tó bá yí nígbà 800. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ọ̀dọ̀ wa ti jáde ṣáájú òfin yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó:

- iPhone: ẹ wọ Settings, Battery, kí ẹ wo Battery Health. Tó bá kọ "Unknown Part", ẹ má gbára lé nọ́ńbà rẹ̀.
- Láptọ́ọ̀pù Windows: ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Tí Design Capacity bá jẹ́ 50,000, tí Full Charge Capacity jẹ́ 30,000, 60% ló kù.
- Android tí kò fi nǹkan hàn: ẹ fi fídíò dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣọ́ bó ṣe ń já wálẹ̀.

Tí ẹ bá mọ nọ́ńbà yìí, ẹ lè yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Bátìrì nìkan la ó pààrọ̀, a ò ní sọ odindi fóònù nù.