Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Ìmọ̀ràn Lórí Iná Iwájú Ọ̀kadà

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Ta ni òwe yìí bá wí ju ẹni tó ń gun ọ̀kadà lóru ní Ṣàngó, nílùú Ìbàdàn? Láti Sámọ́ńdà dé ẹnu ọ̀nà Pólì, títí lọ dé Ìjòkòdó àti Ẹlẹ́yẹlé, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí wọ́n sì mú iná lọ, igi gogoro pọ̀ lójú títì: kòtò, ẹni tó ń sọdá, ọkọ̀ tó bàjẹ́ tí kò tan iná ẹ̀yìn. Ọ̀kadà tó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí kòtò, kí ọwọ́ tó fún bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lè ti lọ. Mítà 25 nìyẹn, ọ̀kadà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹni tí iná rẹ̀ kò tàn kọjá ibẹ̀, inú kòtò ni yóò ti rántí bíréèkì. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná òun mọ́lẹ̀ sí i kò ṣẹ̀ rárá. Bí yóò ṣe ṣe é ló gba ọgbọ́n.

Ẹ má tíì sáré ra gílóòbù tuntun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó lè jẹ́ pé gíláàsì iwájú ti pupa, pé eruku ti bo inú rẹ̀, pé ojú ibi tí gílóòbù jókòó sí ti jóná, tàbí pé wáyà tó so mọ́ ara irin ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí réwáyà fi mítà wọn iná tó ń dé ìdí gílóòbù. Bí ó bá yẹ kó gba fóòtì 12 tó sì ń gba 10, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Fífọ ìdí gílóòbù àti pípààrọ̀ wáyà lè mú iná yín padà bọ̀ sípò.

Bó bá wá di dandan kí ẹ pààrọ̀ gílóòbù, ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro ó. Gílóòbù wáàtì 35 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀kadà Bajaj Boxer fún. Àwọn kan a máa fi ti mọ́tò sí i, èyí tó ń gba wáàtì 60. Ooru rẹ̀ lè yọ́ ike ìdí iná, ó lè jó wáyà, kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè pèsè iná tó ń bèèrè. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

LED ni ọ̀pọ̀ ń sá tọ̀ báyìí, ó sì ní ìdí. Láti ìgbà tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ti ṣe LED aláwọ̀ búlúù, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2014, iná díẹ̀ ti tó láti mú ìmọ́lẹ̀ funfun tó pọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán ọ̀kadà yín wò. Bí iná iwájú kò bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, tó sì ń mọ́lẹ̀ sí i bí eré ẹ́ńjìnnì bá ń pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ló ń fún un níná tààrà, kì í ṣe bátìrì. LED tí wọn kò ṣe fún irú iná bẹ́ẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú, yóò sì tètè kú. Réwáyà tó mọṣẹ́ lè gbé iná náà sórí bátìrì, kó fi fíùsì tirẹ̀ sí i, lẹ́yìn tó bá ti rí i pé bátìrì ń gba ṣáàjì dáadáa.

Ojú ẹlòmíràn ló kù. Ibi tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú gílóòbù àtijọ́ wà gan-an ni ó yẹ kí ojú LED wà. Bí ó bá yà kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n ká, yóò gún ẹni tó ń bọ̀ lójú, títì tí ẹ fẹ́ rí yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ yẹra fún èyí tó ń tàn bíi búlúù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ran ojú lọ́wọ́ nínú òjò àti ọyẹ́.

Láti mọ̀ bóyá iná yín ń gún ẹlòmíràn lójú, ẹ gun ọ̀kadà yín dúró níwájú ògiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní mítà 5, kí ẹni kan jókòó lẹ́yìn yín bí èrò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri níbi tó bá àárín iná yín dọ́gba, kí ẹ wá tan iná kúkúrú. Kí orí ìmọ́lẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ àmì yẹn ní ìbú ìka mẹ́rin. Ẹ má fi èrò sílẹ̀ nínú ìdánwò yìí, torí ìwúwo rẹ̀ ló ń gbé iná sókè sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì pàdé ọkọ̀ lóru, ẹ rọ iná sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ̀yin alága ibùdó ọ̀kadà, ẹ ya ògiri kan sọ́tọ̀ ní ibùdó yín fún ìdánwò yìí, kí gbogbo ọlọ́kadà máa dán iná wọn wò níbẹ̀ lóṣooṣù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Iná rẹ nìkan kò lè mú ọ délé bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́kàn-án-kán rẹ kò bá ríran.