Àwọn Tí Ń Fi Sùúrù To Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni ó wà fún ọmọ ènìyàn. Ọ̀kan ni iṣẹ́ tí a ń ṣe nítorí àtijẹ; èkejì ni iṣẹ́ tí a ń ṣe nítorí pé ọkàn ẹni fẹ́ ẹ, bí owó tilẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde tí kò sì sí èyí tí ń wọlé. Ẹlòmíràn a máa gbin òdòdó, ẹlòmíràn a máa ya àwòrán. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé mọ́tò àtijọ́ ni ìfẹ́ wọn. Wọn a ra ògbólógbòó ọkọ̀ tí ó ti dípẹtà, wọn a gbé e sí ilé ìgbọ́kọ̀sí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, wọn a sì tú u palẹ̀, kí wọ́n lè tún un tò ní ọ̀nà tí yóò fi yára ju bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é lọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hot rod.

Bí àlejò bá kọjá ní ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, tí ó sì tún kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni yóò bá ní ojú kan náà, láìsí táyà, láìsí ọ̀dà. Èrò tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n òde ni àlejò náà rí, kò rí inú.

Kí a tó lè mọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń pẹ́, ó yẹ kí a mọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ tí a ń pè ní Model T. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 1927, iye tí wọ́n ti ṣe ti ju 15,000,000 lọ. Model A ni ó tẹ̀lé e, a sì ń ṣe é títí di ọdún 1931. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó lọ́wọ́ fi lè ra èyí tí ó ti gbó nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ní gúúsù California a máa rà wọ́n, wọn a yọ ìbòrí kúrò, wọn a yọ irin tí ó bo táyà kúrò, wọn a sì yọ gbogbo ohun tí kò ran eré sísá lọ́wọ́ dànù, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún ẹ́ńjìnì ṣe kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Wọn a wá gbé e lọ sí àwọn adágún gbígbẹ inú aṣálẹ̀, bí i Muroc àti El Mirage, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, láti mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yára jù lọ. Ní ọdún 1932, Ford gbé ẹ́ńjìnì V8 tí ó ní agbára ẹṣin 65 jáde nínú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò ga, inú àwọn olùfẹ́ eré sì dùn sí i gidigidi. Ní ọdún 1937 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn parapọ̀ láti dá Southern California Timing Association sílẹ̀, kí òfin àti ìlànà lè wà fún eré náà.

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ ẹ́ńjìnì nínú ológun padà wá sílé, iṣẹ́ hot rod sì gbilẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ìwé ìròyìn tí a ń pè ní Hot Rod jáde ní ọdún 1948. Ní ọdún 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sá eré ní Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah, lórí pápá iyọ̀ tí ó funfun lọ réré. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń sá eré ní títì ìgboro, èyí sì léwu fún àwọn àti fún ẹni tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni Wally Parks, tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà, ṣe dá National Hot Rod Association sílẹ̀ ní ọdún 1951, kí eré lè kúrò ní títì, kí ó sì bọ́ sí ibi tí a lè fi ojú tó o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ohun méjì ni ó ń bá iṣẹ́ yìí rìn: ayọ̀ eré àti ewu eré.

Kí ni ó wá ń mú iṣẹ́ náà falẹ̀? Ìdí kìíní ni àkókò. Ẹni tí ń to ọkọ̀ ní ilé rẹ̀ ní iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tí ó ń ṣe. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ akọ̀wé báńkì, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń tọ́jú ní ilé-iṣẹ́. Alẹ́ àti ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó kù fún un, aya àti ọmọ rẹ̀ sì ní ìpín tiwọn nínú àkókò náà. Ìdí kejì ni owó. Bí òrùlé bá ń jò tàbí tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, owó tí ó yẹ kí a fi ra jíà yóò gba ibòmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí.

Ìdí kẹta ni àbùkù tí ó fara sin. Ara ọkọ̀ lè dán lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, a lè bá ihò tí ìpẹtà ti jẹ, tí ẹnì kan ti fi nǹkan dí ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì V8 ti Ford àtijọ́ ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Nínú irin ẹ́ńjìnì náà gan-an ni ọ̀nà èéfín gbígbóná gbà kọjá, láàrin omi tí ó yẹ kí ó mú un tutù, kí ó tó jáde sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà ẹ́ńjìnì yìí a máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, irin rẹ̀ a sì máa sán. Ẹni tí ó rà á kò lè rí ojú sísán náà títí yóò fi tú u, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ó ti sán kọjá àtúnṣe, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí kẹrin ni pé iṣẹ́ kan a máa bí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ́ńjìnì Model A ní agbára ẹṣin 40. Bí ẹnì kan bá yọ ọ́, tí ó sì fi V8 ti Chevrolet ọdún 1955 tí ó ní agbára ẹṣin 162 rọ́pò rẹ̀, agbára ọkọ̀ náà ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ṣáàsì tí í ṣe egungun ọkọ̀ náà kò tíì lágbára sí i, jíà rẹ̀ kò tíì lágbára sí i, bíréèkì rẹ̀ kò sì tíì lágbára sí i. Ọ̀pá irin lásán ni ó ń fa bíréèkì Model A. Ọdún 1939 ni Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí lo bíréèkì tí ń fi òróró ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò sì wà níbí tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ibi tí yóò rìn dé lẹ́yìn tí a bá tẹ bíréèkì kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fi agbára kún ọkọ̀ láìfi ìdádúró kún un, pósí ni ó ń kàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo baba kan tí ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ọmọ náà ni ó ń gbé fìtílà dání fún un lálẹ́. Òun ni ó sì ń to nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú agolo. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún 16, tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ọkọ̀ náà ti ń dún, ó sì ti ń rìn. Ó ku ọjọ́ kan kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé péjọ fún àríyá. Ó ní, “Baba, ẹ jẹ́ kí a gbé e jáde lọ́la. Ọdún 11 ni mo ti ń dúró.”

Baba náà wọ inú ọkọ̀, ó sì tẹ irin bíréèkì mọ́lẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Irin náà dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òróró ń jò níbì kan. Nínú irú bíréèkì àtijọ́ tí ó lò, òróró inú ọpọ́n kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá jò tán ní ibì kan, kò sí èyí tí yóò dúró nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ náà ní, “Ẹ̀kán kékeré ni, Baba. Kò ní tó nǹkan ní ọ̀nà kúkúrú.” Baba náà pa ẹ́ńjìnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi í sí àpò. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àríyá náà, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ dùbúlẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀. Ọmọ náà ni ó rí ibi tí ó ń jò: orí oríkèé kan tí òun fúnra rẹ̀ ti so pọ̀ ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí ó ń kánjú láti jáde lọ ṣeré. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú sípánà, ó tú u, ó sì tún un ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìfalẹ̀ ni ó jẹ́ sùúrù. Òmíràn wà tí ó jẹ́ àìlétò. Ẹlòmíràn a máa tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú ìtara, láìkọ orúkọ sí ohun kan lára. Nígbà tí ó bá di ọdún kejì, kò ní mọ ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ti wá mọ́. Ẹlòmíràn a ra ọkọ̀ kejì kí ó tó fi ọwọ́ kan àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn a fi ọkọ̀ rẹ̀ sí inú òjò, ìpẹtà a sì máa ṣiṣẹ́ kíákíá nígbà tí òun ń sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ohun tí a ń tà ní wẹ́wẹ́ fún ẹni tí ó mọ ètò.

Ọ̀nà tí àwọn onísùúrù tòótọ́ ń gbà yàtọ̀. Wọn a kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù sí agolo, wọn a sì kọ orúkọ ibi tí ó ti wá sí ara rẹ̀. Wọn a ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ṣe àti owó tí wọ́n ná sí. Wọn a yan iṣẹ́ kékeré kan tí ó lè parí ní alẹ́ ọjọ́ kan: lónìí kí a nu ọpọ́n epo, lọ́la kí a tọ́ wáyà iná ẹ̀yìn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kì í kọ́kọ́ kun ọ̀dà. Wọn a to gbogbo ọkọ̀ pọ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀ lásán, wọn a wà á wò, wọn a ṣe àtúnṣe ohun tí kò bá gún, wọn a sì tún tú u kí wọ́n tó kun ún. Aláìmọ̀kan yóò sọ pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kun ọ̀dà tí ó dán, tí ó sì tún ní láti jó irin lórí rẹ̀, mọ èyí tí ó yá jù nínú méjèèjì.

Ìgbín ń lọ, ó ń falẹ̀, síbẹ̀ ó ń gun igi. Kì í ṣe iye ọdún tí iṣẹ́ gbà ni a fi ń mọ òṣìṣẹ́, bí kò ṣe pé ohun tí ó ṣe lónìí kò ní jẹ́ kí ó kábàámọ̀ lọ́la. Nígbà tí baba àti ọmọ yẹn bá gbé ọkọ̀ wọn jáde nígbẹ̀yìn, àwọn ará àdúgbò yóò yin ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí ń dún bí àrá, wọn yóò sì yin ọ̀dà rẹ̀ tí ń dán bí dígí. Kò sí ẹni tí yóò yin oríkèé kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni yóò mú wọn padà wá sílé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni a ń pè ní hot rod? Kí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn ọ̀dọ́ California láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí?
2. Sọ ìdí mẹ́rin tí iṣẹ́ ọkọ̀ títò nílé fi ń pẹ́.
3. Kí ni ó ń mú kí irin ẹ́ńjìnì V8 ti Ford àtijọ́ sán?
4. “Pósí ni ó ń kàn.” Ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn yìí túmọ̀ sí nínú àyọkà yìí.
5. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí baba náà fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò? Sọ èrò rẹ, kí o sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.
6. Kọ àròkọ kan lórí iṣẹ́ kan tí ó gba sùúrù ní àdúgbò rẹ. Fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin sùúrù àti àìlétò hàn nínú rẹ̀.