Ipò Kìn-ín-ní Kọ́ ni Ọjà Títà: Ẹ̀kọ́ lórí Wíwọn Iṣẹ́ Ìkànnì Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Erúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá dé Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ra gàrí, èlùbọ́ tàbí epo pupa ni ó ń dúró de ọjọ́ ọjà mọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ẹlòmíràn kọ́kọ́ ń bi léèrè. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí Google, Google yóò sì to orúkọ àwọn ìkànnì orí ayélujára sílẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fi ń dá owó jọ kí wọ́n lè ní ìkànnì tiwọn. Owó òógùn ojú ni, ó sì tọ́ kí àwọn tí ó dá a mọ ohun tí ó rà wá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń ti ẹnu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìkànnì jáde ni pé, "Ẹ san owó oṣù, a ó sì gbé orúkọ ẹgbẹ́ yín dé ipò kìn-ín-ní lórí Google." Bí oṣù bá parí, wọn a mú fóònù wá sí ìpàdé, wọn a tẹ ọ̀rọ̀ kan, orúkọ ẹgbẹ́ a sì yọ lókè téńté. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a pàtẹ́wọ́, akápò a sì ka owó. Ṣùgbọ́n Google fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìtọ́ni tí ó ṣe fún àwọn tí ó ni ìkànnì pé kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìn-ín-ní fún ẹnikẹ́ni. Bí ipò náà bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ìbéèrè kan ṣì kù tí ó tóbi jù ú lọ: àpò gàrí mélòó ni ó tipasẹ̀ rẹ̀ rí ẹni rà á?

Àgbẹ̀ tí ó ti ta kòkó rí mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ibi tí ó to àpò rẹ̀ sí níwájú ilé ìwọ̀n kò sọ iye owó tí yóò gbà. Orí òṣùwọ̀n ni ó ń wò, bí kò bá sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ohun tí ẹlòmíràn bá kà fún un ni yóò gbà. Ìkànnì náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Google Search Console. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá sì ni ìkànnì ni ó ni ẹ̀tọ́ láti wò ó. Webmaster Tools ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2015. Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀-mágbèsì nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ láìgbọ́ èsì ẹnikẹ́ni. Ìkànnì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó yà sí i ń fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni òṣùwọ̀n yìí ń kà. Èkíní ni ìfarahàn, èyíinì ni iye ìgbà tí orúkọ ìkànnì hàn nínú ìdáhùn tí Google fún àwọn ènìyàn. Èkejì ni iye ìgbà tí àwọn tí ó rí i tẹ̀ ẹ́ láti wọlé. Ẹ̀kẹta ni ìpín àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ìfarahàn. Ẹ̀kẹrin ni ìpíndọ́gba ipò tí ìkànnì wà. Ó tún ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí ìkànnì, orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà, àti bóyá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n lò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ péré tẹ̀ ni kì í fi hàn, kí àṣírí ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n má baà tú. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá ro àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tí iye wọn kò pé, kí ó má ṣe rò pé ẹnìkan jí nínú rẹ̀.

Fóònù kan tí a gbé wá sí ìpàdé kò lè ṣe iṣẹ́ òṣùwọ̀n yìí. Google a máa wo ibi tí ẹni tí ń béèrè wà, èdè tí ó ń lò, àti nígbà mìíràn ohun tí ó ti wá tẹ́lẹ̀, kí ó tó to ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó dúró ní Ọjọ́ọ̀ àti ẹni tí ó wà ní Peckham ní ìlú London lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ní wákàtí kan náà, kí ìdáhùn wọn má sì bá ara mu. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ipò kìn-ín-ní kò fi bẹ́ẹ̀ wà lókè mọ́. Ìpolówó tí wọ́n san owó fún lè wà lórí rẹ̀, àwòrán ilẹ̀ lè wà lórí rẹ̀, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 sì ni Google ti bẹ̀rẹ̀, ní Amẹ́ríkà ná, lẹ́yìn náà ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, láti máa fi ẹ̀rọ kọ ìdáhùn tirẹ̀ sókè fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ẹni tí ó bá rí ohun tí ó ń wá nínú ìdáhùn náà lè má tẹ ìkànnì kankan rárá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé gbogbo ènìyàn, kí a mú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí ń yan gàrí ní agbègbè Lálúpọn bí àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni ẹgbẹ́ náà àti àwọn iye tí ó tẹ̀lé e yìí. Ní oṣù kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó mú ìkànnì wọn hàn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an hàn ní ìgbà 60, ní ipò 1, àwọn ènìyàn sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 45. "Gari" nìkan mú un hàn ní ìgbà 4,000, ní ipò 38, ìgbà 4 péré ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. "Buy garri in bulk Ibadan", tí í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ra púpọ̀, mú un hàn ní ìgbà 150, ní ipò 6, ìgbà 18 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń bọ́ ẹgbẹ́? Orúkọ ẹgbẹ́ ni oníṣẹ́ ìkànnì yóò tẹ̀ ní ìpàdé, nítorí pé ibẹ̀ ni ipò kìn-ín-ní wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ ti mọ ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí oníbàárà àtijọ́ tí ó ń wá nọ́ńbà fóònù. Kò sì yani lẹ́nu pé ẹni tí a pe orúkọ rẹ̀ ni ó dáhùn. "Gari" nìkan ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí lè tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun náà ń bẹ. Nínú ìfarahàn 1,000, ẹyọ 1 ni wọ́n tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹta, tí kò dé ipò kìn-ín-ní, ni ó mú ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ wá: nínú ọgọ́rùn-ún ìfarahàn, ìgbà 12 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ̀tàn ti lè fara pamọ́ jù ni ìpíndọ́gba ipò. Bí a bá ṣírò ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ìfarahàn wọn, ìpíndọ́gba ipò ẹgbẹ́ yìí yóò jẹ́ 36, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì ro pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bí ó bá wá di oṣù kejì tí Google kò fi ìkànnì náà hàn mọ́ fún "gari" nìkan, tí ohun gbogbo yòókù sì dúró bí ó ti wà, ìpíndọ́gba náà yóò fò láti 36 sí nǹkan bí 4 àti ààbọ̀. Oníṣẹ́ ìkànnì lè mú ìwé wá pé òun ti gbé ẹgbẹ́ gòkè ní ipò tí ó lé ní 30. Bẹ́ẹ̀ ni àpò gàrí kan kò fi lé iye tí wọ́n tà ní oṣù àkọ́kọ́. Bákan náà ni ìpíndọ́gba lè burú nígbà tí iṣẹ́ ń dára, bí ìkànnì bá bẹ̀rẹ̀ sí hàn fún ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí akọ̀wé wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì ya orúkọ ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kí ó tó ṣírò ohunkóhun.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọ ọ̀rọ̀ náà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ kì í fi àmì ohùn sí i nígbà tí wọ́n bá ń tẹ fóònù, òmíràn yóò kọ "gari", òmíràn "garri". Ẹni tí ó fẹ́ èlùbọ́ lè kọ "elubo", ó sì lè kọ "yam flour", pàápàá bí ó bá wà ní òkè òkun. Bí ìkànnì ẹgbẹ́ bá ń pe ọjà rẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n yóò fi hàn pé àwọn tí ń fi orúkọ kejì wá a kò rí i.

Títẹ̀ náà kì í ṣe rírà. Oníbàárà lè wọlé kí ó sì jáde kí àwòrán ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú tó yọ tán, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára níbi tí ó wà tàbí nítorí pé kò fẹ́ kí détà òun tán. Ìwọ̀n tí Google fúnra rẹ̀ pè ní dídára ni pé kí ohun tí ó tóbi jù lójú ìwé hàn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Search Console kò sì mọ̀ bóyá ẹni tí ó wọlé pe fóònù, bóyá ó ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí bóyá mọ́tò rẹ̀ dé. Ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé ni yóò sọ èyí. Ìwé oníkọ́bọ̀ kan tó: ọjọ́, orúkọ, ìlú, iye àpò, àti ìbéèrè kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé láti bi ẹni tí ó bá pè: "Ẹ ṣé o, sà. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ẹ ti rí nọ́ńbà wa?" Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀rẹ́ òun ní ọjà Bódìjà ni ó fún òun, ẹlòmíràn yóò ní lórí Google ni. Bí ó bá padà wá ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé oníbàárà tí ó padà wá kì í ná ẹgbẹ́ ní owó ìpolówó mìíràn.

Àwọn kan kò ní wọ inú ìkànnì rárá kí wọ́n tó pè. Wọ́n rí orúkọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ àti ibi tí ó wà lórí àwòrán ilẹ̀ Google, ó sì tán. Ìforúkọsílẹ̀ tí ó mú èyí ṣeé ṣe ń jẹ́ Google Business Profile, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó sì ń ka iye ènìyàn tí ó tẹ nọ́ńbà láti pè àti iye tí ó béèrè ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ka títẹ̀ ìkànnì nìkan yóò fojú fo gbogbo àwọn wọ̀nyí. Kí a sì tún fi iye àwọn tí ó béèrè ọ̀nà wé iye àwọn tí ó dé: bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ jù, kí ẹnìkan gbé fóònù kí ó tọ ọ̀nà náà láti Ìwó Road wá, bóyá àmì orí àwòrán ilẹ̀ náà wà ní abúlé ẹlòmíràn.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ le tí ẹ̀gẹ́ ṣòro láti fà tu, iye owó gàrí a máa gòkè, àwọn tí ń wá a lórí fóònù sì lè pọ̀ sí i tàbí kí wọ́n dínkù láìsí ọwọ́ oníṣẹ́ ìkànnì nínú rẹ̀. Kí a má ṣe fi oṣù Kejì wé oṣù Kẹjọ. Oṣù Kejì ọdún yìí ni kí a fi wé oṣù Kejì ọdún tí ó kọjá. Search Console ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oṣù 16 sẹ́yìn, ó sì tó fún irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí wà fún ẹni tí ó ń tajà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí ó wà nítòsí Mọ́níyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní ìkànnì tí ó ń sọ nípa ẹ̀gẹ́ àti iṣu, ṣùgbọ́n irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ka àpò gàrí. Bóyá àgbẹ̀ rí ìmọ̀ tí ó wá, tí ó kà á tán, ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ohun tí ìkànnì wà fún ni kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí a tó mọ ohun tí a ó wọ̀n.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́. Search Console ní onílé, ó sì ní àwọn tí onílé gbà láyè láti wò ó. Bí oníṣẹ́ ìkànnì nìkan bá jẹ́ onílé, ọjọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ bá jà ni ẹgbẹ́ kò ní lè rí àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Kí ó jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ ni a fi ra orúkọ ìkànnì náà, kí íméèlì ẹgbẹ́ jẹ́ onílé, kí alága àti akọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí a sì fún oníṣẹ́ ní àyè tí kò ju ti iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Google kì í sì ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó forúkọ ìkànnì sílẹ̀ sínú òṣùwọ̀n náà. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe é ṣáájú ìpàdé tí ń bọ̀ yóò ní ohun tí yóò fi wéra ní àmọ́dún.