Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Iṣan Tí Ń Fẹ̀, Tí Ń Fún

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, ní ìhà àtàǹpàkò. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Kí ni ìka yín bá níbẹ̀? Ohun kan ń lù. Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ inú ara àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà 5. Inú iṣan ni ó ń gbà kiri ara. Iṣan àlọ ni ó ń gbé e kúrò nínú ọkàn. Iṣan àbọ̀ ni ó ń gbé e padà wá.

Ṣé bí rọ́bà omi lásán ni iṣan rí? Rárá o. Ẹran tín-ín-rín wà lára ògiri iṣan àlọ. Bí ẹran yìí bá súnkì, iṣan á fún. Bí ó bá dẹ̀, iṣan á fẹ̀. Bí ihò iṣan bá fún dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá lè dín kù dé ìpín kan nínú ìpín 16.

Bí a bá ń kọ ebè, iṣan apá àti ti ẹ̀yìn á fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ níbi tí iṣẹ́ wà. Ní àkókò ọyẹ́, iṣan abẹ́ awọ á fún, kí ooru má baà jáde. Bí a bá dìde lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ wálẹ̀ sí ẹsẹ̀. Iṣan ọrùn á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á ní kí ọkàn yára, kí iṣan ẹsẹ̀ sì fún. Bí èyí bá pẹ́, òòyì á kọ́ni. Nítorí náà, kí àwọn àgbà kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó dìde.

Ṣùgbọ́n iṣan lè le, kí ó fún, kí ó má dẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹni tí ń fi rọ́bà bomi rin ẹ̀fọ́. Bí ó bá fi ìka dí ẹnu rọ́bà díẹ̀, omi á máa ti ara rọ́bà kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ti ògiri iṣan. Èyí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwọn mìíràn ń pè ní tánsíọ̀n.

Àìsàn yìí kì í pariwo. Ènìyàn lè ní in fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀. Ní ọjọ́ kan, iṣan inú ọpọlọ lè dí tàbí kí ó bẹ́, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kan rọ. Àwọn ará ilé a ní ayé ni ó ṣe é. Iṣan ni.

Ẹ jẹ́ kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bí nọ́ọ̀sì bá ní 12 lórí 8, ó dára. Bí nọ́mbà kìíní bá ń tó 14, tàbí tí èkejì ń tó 9, ní ọjọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ, ó ti ga. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ yẹra fún sìgá. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń mú kí iṣan fẹ̀ tàbí kí ó fún?
2. Èé ṣe tí òòyì fi ń kọ́ni nígbà tí a bá dìde?
3. Ọjọ́ wo ni a wọn ẹ̀jẹ̀ yín gbẹ̀yìn? Ẹ kọ nọ́mbà méjèèjì sínú ìwé yín.