Àpótí Ìmọ̀: Ìmọ́lẹ̀ Lójú Òfì Ìsẹ́yìn

Ẹni tó bá ra ẹtù, ìyẹn òfì aláró, lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù lè rò pé aṣọ dúdú ni òun rà. Aláṣọ kò rẹ́ ẹ jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ni kò fi àwọ̀ hàn án.

Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú oòrùn. Gílóòbù àtijọ́ ní pupa àti ìyeyè púpọ̀, ṣùgbọ́n búlúù rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tí aró ẹtù fi ń dà bíi dúdú lábẹ́ rẹ̀. Iná LED yàtọ̀: iná búlúù ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi èròjà ìyeyè bò ó kó lè funfun. Pupa kì í tó nínú èyí tí kò dára, àwọ̀ àlàárì, ìyẹn òfì pupa, kì í sì í hàn dáadáa lábẹ́ rẹ̀. CRI ni àwọn onímọ̀ ń pe ìwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn. 100 ni òkè rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tún gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Lux ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe pọ̀ tó, ìlànà ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù sì béèrè 500 lux fún ìhunṣọ, àti 1000 lux fún àyẹ̀wò àwọ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux! Nítorí náà, abà àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, tó ní òrùlé ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, jẹ́ ọgbọ́n gidi: òwú rí àyè nà síta, ìmọ́lẹ̀ wọlé, oòrùn kò sì ta sójú ahunṣọ.

Ẹ mú òwú ẹtù àti òwú dúdú, ẹ wò wọ́n níta lọ́sàn-án, kí ẹ tún wò wọ́n lábẹ́ iná ilé yín lálẹ́.